Bí mo bá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ṣé ìwà ilé iṣẹ́ wa kò ní bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ní ní Iléṣà. Ìyá mi ló dá a sílẹ̀, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ 38 ni wá. A ń gbàdúrà pọ̀ láràárọ̀, Mùsùlùmí lónìí, Kìrìsìtẹ́nì lọ́la. Olúkúlùkù ń mú búrẹ́dì kan lọ sílé ní ọjọ́ Sátidé, a ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a sì máa ń dá aṣọ kan náà lásìkò ọdún Ìwúdè. Bí búrẹ́dì bá jóná, ẹni tó jó mọ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ, torí ìyá mi kò gbà kí a bú ènìyàn lójú àwọn yòókù. Ní báyìí, dísù àti fúláwà ti gbówó lórí jù. Akáńtáńtì wa dá a lábàá pé kí n gbé iṣẹ́ mẹ́rin fún agbaṣẹ́ṣe: gbígbé búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ìṣirò owó. Ó ní owó tí yóò ṣẹ́ kù yóò pọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tí ìyá mi kọ́ yóò tú. Màmá tó ti ń gbálẹ̀ láti ayé wọn pàápàá wà lára àwọn tí yóò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú akitiyan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ìṣirò owó, ẹ gbé e jáde. Ọlọ́dẹ, ẹ lè gbé e jáde bí ẹ bá ṣe tán láti san iye tó tọ́. Ìmọ́tótó, ẹ pín in sí méjì. Gbígbé búrẹ́dì fún oníbàárà, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, gbólóhùn tó mú mi dúró ni ti búrẹ́dì tó jóná. Àdúrà dára, aṣọ Ìwúdè dára, ṣùgbọ́n méjèèjì lè wà níbẹ̀ kí ìwà ti jáde lọ. Mo ti wọ ilé iṣẹ́ tí àdúrà òwúrọ̀ wọn gùn ju tiyín lọ, tí wọ́n sì ń jí fúláwà lóru. Ìwà ilé iṣẹ́ ni ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe ní aago mẹ́ta òru nígbà tí ẹ̀yin wà lórí ibùsùn. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá lè wá sọ fúnra rẹ̀ pé òun ló jó búrẹ́dì, nǹkan ńlá ni ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín, ẹ̀rù tó sì ń bà yín tọ́.

Kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe kankan, ẹ pe mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀ jókòó. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe níbí, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń wò ó? Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ sáà máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ lè gbọ́ pé búrẹ́dì tó bá já sílẹ̀ kì í padà sínú ọ̀rá, pé a kì í jẹ́ kí ọmọ tuntun dá lo ẹ̀rọ ìpofúláwà lálẹ́, pé a kì í dá oníbàárà tó mú búrẹ́dì títẹ̀ padà wá lóhùn pẹ̀lú ìbínú. Ojú ìwé kan ti tó. Kí ó jẹ́ ní Yorùbá, nítorí ìwé yẹn náà ni agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò kà.

Ọ̀rọ̀ gbígbé búrẹ́dì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Lójú akáńtáńtì, bọ́ọ̀sì, epo, táyà àti awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lójú obìnrin tó patẹ ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, tàbí èyí tó ń tà fún àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn níwájú ọsibítù Wesley Guild, ẹni tó já búrẹ́dì sílẹ̀ fún un ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni ilé iṣẹ́ yín. Kò mọ akáńtáńtì yín, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ ẹ̀yin gan-an. Ẹni tó wá yẹn ló ń pinnu ẹni tí yóò gba ogún búrẹ́dì láwìn torí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, àti ẹni tí kò ní gba ẹyọ kan torí gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun ló ń gba èyí tó tẹ̀ padà. Òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ pé ṣúgà ti àná pọ̀ jù, tàbí pé oníbúrẹ́dì mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í já tirẹ̀ ní owó tó dín, kó sì tó di ọ̀sán, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí yín.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láràárọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹni tí yóò sì fi tọmọ jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ ilé yín lòun. Awakọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe ń sanwó fún lórí iye ibi tó dé lóòjọ́ yóò jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an: yóò já búrẹ́dì, yóò gba owó, yóò wakọ̀ lọ. Kò ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á síṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò sì ṣàjèjì sí ohun tí mò ń sọ. Àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú onílùú láyé ìjọba òyìnbó, ọmọ tí wọ́n mú láti ilé, tí wọ́n kọ́ ní òwò títí ó fi dá oníbàárà tòótọ́ mọ̀, ni wọ́n ń fi ọjà rán. Àwìn títà gba kí a mọ ènìyàn, ìmọ̀ yẹn kò sì sí nínú ìwé àdéhùn agbaṣẹ́ṣe kankan.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń jẹ yín lówó, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò lára ènìyàn. Ẹ bá onímọ́tò ṣe àdéhùn pé yóò máa pèsè bọ́ọ̀sì àti awakọ̀, epo àti àtúnṣe sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ fi ọmọ iṣẹ́ tiyín sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, pẹ̀lú ìwé àwìn lọ́wọ́, aṣọ ilé iṣẹ́ lára àti àṣẹ láti gba búrẹ́dì tó tẹ̀ padà. Ọ̀nà Ìbòkun, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ọ̀nà Ifẹ̀, kí olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀, kó má máa yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àtúnṣe ọkọ̀ yóò kúrò lọ́rùn yín, ẹni tí oníbàárà mọ̀ kò ní yẹ̀.

Ìṣirò owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí oníbàárà tó ń rí ẹni tó ń ṣe é, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú lè ṣe é láti Òṣogbo tàbí Ifẹ̀. Ẹ sáà jẹ́ kí orúkọ òṣìṣẹ́ àti iye owó oṣù wọn wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní tú u síta. Láti ọdún 2023 ni òfin tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú ti wà ní Nàìjíríà, orúkọ yín ni òṣìṣẹ́ yóò sì kọ́kọ́ pè bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jáde.

Ẹ wá jẹ́ kí a bi ara wa: níbo ni owó tí akáńtáńtì ní yóò ṣẹ́ kù ti ń wá? Agbaṣẹ́ṣe náà ní ọ́fíìsì, ó ní alábòójútó, ó sì fẹ́ jèrè. Òótọ́ ni pé ẹni tó ní ọlọ́dẹ púpọ̀ lè fi alábòójútó kan bójú tó ibi mẹ́wàá, bí ọ̀kan bá sì ṣàìsàn, yóò rí ẹni dípò rẹ̀ kíákíá. Èrè gidi nìyẹn, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe níbi tí àṣà yìí ti pẹ́ fi hàn pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ owó náà ti ń jáde. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé owó àwọn agbálẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe fi 4% sí 7% kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, ti àwọn ọlọ́dẹ sì fi 8% sí 24% kéré. Ní Jámánì, èyí tó jáde ní 2017 rí i pé owó iṣẹ́ tí wọ́n gbé síta máa ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí 10% sí 15%.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn yín jù, nítorí ìmọ́tótó ni. Láti 1983 ni ìjọba wọn ti ní kí àwọn ilé ìwòsàn pe agbaṣẹ́ṣe wá dupò iṣẹ́ ìmọ́tótó. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ àjọ ilé ìwòsàn 126 wò, láti 2010 sí 2014, wọ́n rí i pé àwọn tó gbé ìmọ́tótó síta ń ná owó tó kéré lóòótọ́. Wọ́n tún rí i pé kòkòrò àrùn tí oògùn kì í tètè ràn, èyí tí wọ́n ń pè ní MRSA, pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, agbálẹ̀ kò tó nǹkan sí iye ibùsùn, àwọn aláìsàn pàápàá sì ń sọ pé ibẹ̀ kò mọ́ tó. Scotland ní tirẹ̀ ti kéde ní 2008 pé ilé ìwòsàn ìjọba kò gbọ́dọ̀ gbé ìmọ́tótó fún agbaṣẹ́ṣe tuntun mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pín ìmọ́tótó sí méjì. Àgbàlá, ọ́fíìsì, gọ́tà àti ìgbẹ́ àyíká, ẹ lè gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Inú ilé tí ẹ ti ń po fúláwà, orí tábìlì, ẹ̀rọ, ojú ààrò, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ni kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, kó sì wà lábẹ́ ẹni tó lè dá iṣẹ́ dúró bí ibẹ̀ kò bá mọ́. Oúnjẹ lẹ̀ ń ṣe. Bí àwọn NAFDAC bá wọlé, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá, wọn ò ní bi yín léèrè agbaṣẹ́ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sì máa fọwọ́ kan ohun tó ń lọ sínú búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ti ṣe àyẹ̀wò ara, orúkọ ilé iṣẹ́ yòówù kó wà lára aṣọ rẹ̀.

Lórí ọlọ́dẹ, ẹ mú bírò. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000 láti oṣù keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè sì gbọ́dọ̀ san án. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ fi 10% kún un fún owó ìfẹ̀yìntì, yàtọ̀ sí 8% tí wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́. Bí a bá ṣírò 10% yẹn lórí gbogbo owó náà, ₦7,000 ni. Ẹ fi 1% tó ń lọ sí NSITF fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ kún un, ₦700. Ó ti di ₦77,700 lórí ọlọ́dẹ kan ṣoṣo, agbaṣẹ́ṣe kò tíì ra aṣọ, kò tíì ra tọ́ọ̀ṣì, kò tíì jẹ èrè. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun yóò gbà ₦65,000 lórí ẹnìkan ti sọ fún yín, láìlanu, pé òun yóò rẹ́ ọlọ́dẹ náà jẹ. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yẹn ni yóò sì máa ṣọ́ fúláwà yín lóru. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú: àwọn Sífù Dìfẹ́nsì ló ń bójú tó ilé iṣẹ́ ọlọ́dẹ aládàáni, ẹni tí kò bá ní ìwé wọn, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ owó rárá.

Ohun tó ń ba ilé iṣẹ́ jẹ́ kíákíá jù ni kí ẹ̀yà méjì wà nínú ọgbà kan. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n pè mí sí. Wọ́n ti gbé ìmọ́tótó jáde, agbaṣẹ́ṣe náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ tuntun kò gbọdọ̀ jẹ nínú oúnjẹ ọ̀sán tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń jẹ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn olùkọ́ kò sì mọ orúkọ wọn. "Ará kọ́ńtíráàtì" ni wọ́n ń pè wọ́n. Páìpù kan jò lẹ́yìn yàrá ìkàwé títí tí omi fi wọ inú ìwé. Agbálẹ̀ ti rí i tipẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní wọn ò rán òun. Inú bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú ohun tí obìnrin yẹn sọ. Wọn ò rán an lóòótọ́, wọn ò kí i, wọn ò sì fún un jẹ. Ohun tó tún dùn mí ju páìpù lọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "kì í ṣe iṣẹ́ tèmi." Wọ́n ti kọ́ ọ lára bí wọ́n ṣe ń wo àwọn agbálẹ̀.

Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni kí ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀ agbaṣẹ́ṣe máa mú búrẹ́dì Sátidé lọ sílé. Kí wọ́n wà níbi àdúrà. Kí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ wọn, kí àwọn ọmọ kéékèèké máa fi "ẹ̀gbọ́n" àti "bàbá" pè wọ́n bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ ọmọ lórúkọ, kí ẹ lọ. Aṣọ Ìwúdè, ẹ dá tiwọn mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìkan ni mo lè ní kí ẹ rò dáadáa, nítorí owó oṣù wọn kò gba ọwọ́ yín kọjá, gbígba gbèsè padà lè di wàhálà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn pinnu.

Lọ́yà lè sọ fún yín pé kí ẹ jìnnà sí wọn, kí ilé ẹjọ́ má baà sọ pé òṣìṣẹ́ yín ni wọ́n. Lóòótọ́, National Industrial Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ti fi hàn nínú ẹjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ pé òun lè wo kọjá orúkọ tí ìwé fún ènìyàn, kí òun sì wo ẹni tó gbà á síṣẹ́, ẹni tó ń san owó rẹ̀, ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Nítorí náà, gbígbà síṣẹ́, ìjìyà àti lílé kúrò níṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láéláé pé kó fi búrẹ́dì kan àti ìkíni du ènìyàn nítorí ìbẹ̀rù ẹjọ́.

Nínú àdéhùn náà, ẹ kọ ọjọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba owó oṣù, kí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á. Ẹ kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹnikẹ́ni láìsọ fún yín, àti pé kí ẹni tuntun tó bẹ̀rẹ̀, yóò lo òru kan pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ fi oṣù mẹ́ta dán ọlọ́dẹ nìkan wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìmọ́tótó. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ máa ṣọ́ ohun kan: ṣé àwọn tó jó búrẹ́dì ṣì ń wá sọ fúnra wọn? Bó bá jẹ́ pé alábòójútó ló ń rí i, tí kò sẹ́ni tó sọ, ẹ dúró níbẹ̀.

Ó kù àwọn tí yóò lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún wọn, lójúkojú, kí ọ̀rọ̀ tó dé orí WhatsApp. Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹ sọ ìdí àti iye ènìyàn tí yóò lọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹ sì sa gbogbo ipá yín láti bá wọn dúnàádúrà owó tí ẹ ó fi sìn wọ́n. Òfin yẹn kan náà ní ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣòtítọ́ ẹni mọ́ ọn. Àwọn tó kù yóò máa wò yín ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí ẹ bá ṣe sin àwọn tó ń lọ ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ fún wọn látẹ̀yìn wá.

Màmá tó ń gbálẹ̀ kò sí lára wọn. Kì í ṣe ẹni tó dé gbẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ìdọ̀tí ń fara pamọ́ sí nínú ọgbà yẹn tó o. Ẹ fi orúkọ Màmá sílẹ̀ nínú ìwé owó oṣù yín, kí ẹ fi wọ́n ṣe ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ ìmọ́tótó wò. Owó oṣù ẹnìkan ni yóò ná yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé agbaṣẹ́ṣe kò ní gba owó ọ̀sẹ̀ kankan tí Màmá kò bá tíì fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ mọ́.